Èmi Ni Mo Tú U

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná. Màmá Thérèse, ẹ má tíì tẹ́ aṣọ náà. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ rò ni pé ìṣẹ́tí tó ti gbó la fẹ́ pààrọ̀, pé torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí gbogbo yín pé sí àgbàlá yìí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, tí ẹ pa oko tì. Irọ́ ni mo fi pè yín, ẹ forí jì mí, òun ló sì kéré jù nínú irọ́ tí mo ti pa fún yín. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú èmi Philomène yìí láti ọdún mẹ́sàn-án, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ ilẹ̀. Lóṣù tó kọjá, dókítà kan ní Kétou ya àwòrán àyà mi, ó ní ọkàn mi ti tóbi ju àyè rẹ̀ lọ, pé kí n má gbé ohun tó wúwo mọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ni dókítà náà, kò mọ ohun tí mo ti ń gbé. Ẹ má wò yíká, Ìyá Bàlíkìsì kò sí láàrin wa. Òun ló ní kí n sọ ọ́ níwájú yín, màá sì dé ibi tó ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa kò mọ bí ọ̀rọ̀ aṣọ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Barnabé ọkọ mi kú, àwọn àbúrò rẹ̀ wá láti Idigny, wọ́n pín aṣọ rẹ̀ bí a ti ń pín aṣọ òkú. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n mo ti kó ẹ̀wù mẹ́ta pamọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi: èyí tó fi ń lọ oko, tí oje ẹ̀gẹ́ ti sọ di dúdú, èyí tó ń wọ̀ lọ sí ìsìn, àti ọ̀kan tí a ti bá ara wa jà lé lórí torí pé ó kọ̀ láti sọ ọ́ nù. Mo gé wọn sí wẹ́wẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán wọn pọ̀ láìmọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ẹkún tí ojú mi kò lè sun, ọwọ́ mi ń sun ún. Bí mo bá rán ìrépé kan tán, màá bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, màá bú u díẹ̀ nítorí ikú tó kú, màá tún gé òmíràn. Ó di ìbora onípele méjì, mo sì ń fi í bora sùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sùn mọ́jú láti ọjọ́ tí a ti sin ín.

Màmá Thérèse ló rí ìbora náà lórí okùn níbi tí mo sá a sí. Wùmí, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, ìrọbí pa á sórí alùpùpù lójú ọ̀nà Kétou pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́sàn-án nínú. Màmá Thérèse fọwọ́ pa ìbora náà títí, ó ní, "Philomène, ṣé o lè bá mi rán ti Wùmí?" Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìró rẹ̀ wá. Kò pẹ́, ìyá kan wá láti Odomèta, òmíràn tẹ̀lé e, olúkúlùkù gbé aṣọ ọmọ tàbí ti àbúrò tí ìrọbí pa dání. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó nínú àgbàlá yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn, tí a ń rán, tí a ń sunkún, tí a sì ń rẹ́rìn-ín nígbà míì, torí àwọn tó kú náà ṣe àwàdà nígbà ayé wọn. A sọ aṣọ náà ní Àjọrán. Màmá Thérèse yìí kan náà, tí kò lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà kó má bọ́ sí i, ló ní ká fi òwú kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sára ìrépé tirẹ̀, ká sì kọ ohun tó pa á sábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe orúkọ àìsàn o. Ti Wùmí ni, "Òjò gbé afárá lọ." Ti ẹlòmíràn ni, "Kò sí mọ́tò." Màmá ní, "Lẹ́tà mẹ́rin la ti kọ sí ìjọba, gbogbo ẹ̀ ló sọnù. Ẹ jẹ́ ká rán aṣọ tó gùn tó ògiri, ká wo bí wọ́n ṣe máa sọ ìyẹn nù."

Ìrépé kẹtàlá ni ti Bàlíkìsì, ọmọ Moutiatou. Ẹ rántí rẹ̀, ọmọ tó ga tí a máa ń ní kó bá wa já ìbẹ́pẹ láìgbé àkàbà. Rachidi tó ń fi alùpùpù zémi gbé èrò ló gbé e lọ́jọ́ náà, òun ló sì ròyìn fún wa. Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ̀bí. Rachidi ní, "A débẹ̀, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n kan ilẹ̀kùn. Mo kàn án títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ó ní ká dúró díẹ̀, pé bóyá wọ́n lọ ra nǹkan ni. A jókòó bíi wákàtí kan. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà, mo tún gbé e, a dojú kọ Kétou. Ní kọ́nà tó wà lẹ́yìn igi ọsàn yẹn, ọwọ́ tó fi di ìbàdí mi mú já." Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Moutiatou gbé aṣọ kan wá fún mi, aláwọ̀ aró, tí ẹyẹ kéékèèké wà lára rẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbé e sí imú, ó fà á símú dáadáa, kó tó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Èyí nìkan ló kù. Ìyókù, wọ́n ti pín in. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilẹ̀kùn wà ní títì." Mo kọ ọ́. Òwú pupa ni mo fi kọ ọ́.

Ẹ̀yin náà mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá yẹn nígbà náà. Gwladys ni, ọmọ mi kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu wa ni pé ọ̀gá rẹ̀ pè é sí ìpàdé ní Kétou. Kò sí ìpàdé kankan. Pobè ló lọ, ó lọ fojú han ìyá ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Kò sì fẹ́ lọ o. Ó ní, "Màmá, oṣù yìí ni aláboyún méjì máa bí, ẹ jẹ́ kí n sún un síwájú." Èmi yìí, èmi tí mo ti ń retí ọmọ-ọmọ, ni mo bá a lọ aṣọ rẹ̀, tí mo bá a di gèlè, tí mo ní, "Lọ jàre, ìdajì ọjọ́ ò lè pa ènìyàn." Ohun tí mo sọ gan-an nìyẹn. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì rẹ̀, ó lọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, bí ìyá yín bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ rántí pé nígbà tí Àjọrán pé ìrépé mẹ́rìnlá, Màmá Thérèse ránṣẹ́ sí mẹ́ẹ̀rì, ilé-iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, pé ká fi í hàn lọ́jọ́ tí àwọn àlejò ìjọba bá wá sí Okpomèta wa yìí. Wọ́n gbà. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta, Gwladys wọlé tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ mi. Ó ti rù. Ó ní, "Màmá, bí wọ́n bá ka ibi tí ẹ kọ ilẹ̀kùn sí, wọ́n á béèrè ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ bá mi yọ ọ̀rọ̀ yẹn nìkan. Ẹ jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà, kí ẹyẹ wà, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni kí ẹ yọ." Ẹ gbọ́ o, ọ̀rọ̀ nìkan lọmọ mi bẹ̀ mí fún. Ṣùgbọ́n mo wò ó pé bí mo bá yọ ọ̀rọ̀, tí orúkọ kù, Moutiatou á béèrè ọ̀rọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ, mo lè wí ohun tó wù mí. Ọjọ́ ọjà ni, ọ̀sán gangan, gbogbo yín ti lọ. Ọ̀dọ̀ mi ni aṣọ náà wà. Mo mú abẹ fẹ́lẹ́, mo jókòó tì í. Ẹ mọ bí mo ṣe ń ránṣọ: òwú onílọ̀ọ́po méjì, màá rán an yíká, màá tún padà gba ojú abẹ́rẹ́ kan náà. Iṣẹ́ ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà fún mi. Mo ń gé òwú kọ̀ọ̀kan, mo sì ń sọ fún ọmọ náà pé, "Má bínú, má bínú." Mo fa ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀ mọ́ ti ẹni tó tẹ̀lé e, mo rán wọn pa pọ̀. Àyè náà dí, bíi pé ẹnikẹ́ni kò jókòó síbẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ náà, a ta Àjọrán sáàárín igi méjì níwájú ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn àlejò ń kà á, ẹnì kan nínú wọn ń nu ojú. Mi ò wo wọn, Moutiatou ni mo ń wò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ̀lé ìrépé lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé òpin. Ó padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi, kò pariwo, ó ní, "Ìyá Gwladys, mi ò rí ọmọ mi." Mo ní, "Ó tú." Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ. Ká ní mo sọ pé "mo tú u", òtítọ́ ni ì bá jẹ́. Mo yọ ara mi kúrò nínú ọ̀rọ̀, mo jẹ́ kí aṣọ nìkan dá a ṣe. Ibẹ̀ ni ìkan nínú yín tó wà nítòsí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ti rẹ́rìn-ín, tó ní, "Ṣé ìránṣọ tìrẹ náà ń tú?" Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ wá ìdí. Mo wo ojú ìyá tó bí ọmọ, mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rán an, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tú. Bóyá kò fẹ́ bá wọn jókòó ni."

Ohun tó burú jù nínú ayé mi nìyẹn. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì burú, abẹ fẹ́lẹ́ burú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi mú òkú tí kò lè fèsì, tí mo di ẹ̀bi mi lé e lórí. Ẹ sì gbà á gbọ́, mi ò dá yín lẹ́bi, ta ni kò gbọ́ rí pé ẹni tó kú pẹ̀lú ọgbẹ́ ọkàn kì í gba ohun tí wọ́n bá ṣe fún un. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́nà odò pé ó ní ohun tí Bàlíkìsì fi pamọ́. Àwọn kan ní oyún náà kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo ń ránṣọ lọ. Moutiatou kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn yà sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Mo ti mọ ìdí tó fi kọ̀. Ó fẹ́ lọ dúró de ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Kétou. Èmi ni mo ní kó dúró ká jọ kó àgbàdo tán. Èmi ló ń bínú sí." Mo lè sọ òtítọ́ níbẹ̀. Èmi àti òun nìkan ló wà nílé. Mo bu omi fún un mu. Láti ọjọ́ náà kò wá sí àgbàlá yìí mọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ó ń dín àkàrà, ó ń gbé e lọ sí kọ́nà yẹn, ó ń pín in sàráà fún ẹni tó bá ń kọjá, ó ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó dárí jì òun. Ọdún mẹ́sàn-án. Èmi náà ti gba ibẹ̀ kọjá, mo ti jẹ nínú rẹ̀.

Àjọrán ṣiṣẹ́, ẹ̀yin náà rí i. Wọ́n tún afárá ṣe, wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tó ní bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà. A jó lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Gwladys ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà yẹn, ó ti lọ sí Parakou, ọkùnrin Pobè kò sì fẹ́ ẹ mọ́. Mo ń sọ fún ara mi pé ohun rere ti jáde, kí n jẹ́ kó sùn. Àfi oṣù méjì sẹ́yìn tí ìrọbí mú Mutmainnah, ọmọ-ọmọ Màmá Thérèse, tí a gbé e dé ilé tuntun náà lọ́sàn-án, tí a bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ti lọ síbi ìkómọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ rántí pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló bí i sí, orí aṣọ ìró mi ni ọmọ náà bọ́ sí, ọpẹ́ ni pé ó ké. Gbogbo yín ń yọ̀. Èmi ń wo àgádágodo náà. Nínú gbogbo ohun tí a rán sára aṣọ, wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀, ọ̀nà, afárá, ilé. Ohun kan tí wọn kò ṣe ni ọ̀ràn ilẹ̀kùn, torí pé kò sẹ́ni tó kà á fún wọn. Èmi ni mo yọ ọ́.

Mo lọ sọ́dọ̀ àlùfáà wa, mo jẹ́wọ́, ó ní Ọlọ́run ti dárí jì mí. Mo jáde, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, nǹkan kan kò kúrò nínú mi. Kì í ṣe ọmọ àlùfáà ni mo bà lórúkọ jẹ́. Mo pe Gwladys lórí fóònù, mo ní mo fẹ́ sọ ọ́, pé orúkọ rẹ̀ á wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, mo rò pé ẹ ti sọ fún wọn pé ẹ pàdánù ìrépé náà ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ ní òun ló kọ̀." Ó wá ń sunkún. Ó ní kí n sọ ọ́, pé òun náà máa wá sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ọmọ náà bí ọkùnrin, torí ìkúnlẹ̀ kò tó.

Mi ò jó ìrépé náà. Mo ti gbìyànjú rẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀. Àárín ìpele méjì ìbora Barnabé ni mo rán an mọ́, mo sì ti ń sùn sábẹ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo yọ ọ́, mo dì í sínú aṣọ funfun, mo gbé e lọ bá Moutiatou. Ó wà nídìí epo. Mo kúnlẹ̀ sínú eérú, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó gba ìrépé náà, ó gbé e sí imú. Ó ní, "Kò ní òórùn rẹ̀ mọ́. Òórùn ilé rẹ ló ní." Mo ní kó bú mi, kó lù mí. Ó ní, "Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń bẹ ọmọ tí kò bá mi jà." Ó tún un sọ, bíi pé òun fúnra rẹ̀ ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Níwájú gbogbo wọn lo ti sọ pé ó kọ̀. Lọ sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn pé kò kọ̀. Èmi ò ní wá, mo ti gbọ́ tèmi." Mo dìde láti máa lọ. Ó ka àkàrà méjì sínú ewé, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Sàráà Bàlíkìsì ni. Ẹni tó bá yà síbí ni mo ń fún." Mi ò mọ bí mo ṣe dé ilé.

Ẹ̀yin ìyá, mi ò ní bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí lónìí. Moutiatou kò tíì dárí jì mí, ẹ ò sì gbọdọ̀ ṣíwájú rẹ̀. Aṣọ nìyí, mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ọwọ́ yín ni kó rán Bàlíkìsì padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá gbé e wá, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ilẹ̀kùn wà ní títì, pé ọmọ Philomène ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ, pé Philomène ló ní kó lọ. Kí ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń bójú tó ilé ìgbẹ̀bí, kí wọ́n kà á, kí kọ́kọ́rọ́ má ṣe wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sọ̀rọ̀ oyún yẹn lọ́nà odò, ẹ mọ ara yín, ẹ padà síbẹ̀ lọ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bẹ̀ yín fún jù ni ọ̀la. Ọ̀la ni Jímọ̀. Moutiatou á ti rẹ ẹ̀wà lálẹ́ òní, torí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe ní Jímọ̀. Ẹ má jẹ́ kó dá dín in. Kí ẹ̀yin mẹ́rin, márùn-ún, jí lọ bá a, kí ẹ jókòó yí iná rẹ̀ ká, kí ẹ sì sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kò bínú sí i rí, kò bínú sí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo ti sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ́ ló yẹ kó ti gbà á gbọ́.